Ọ̀sà Àjàṣẹ́: báwo ni a ṣe lè ya omi ẹ̀gbin ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àgbàrá òjò?

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n bí mi sí, ilé wa kò jìnnà sí etí ọ̀sà, ẹja yíyan ni ìyá mi sì fi tọ́ wa dàgbà. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi àti àyíká ní yunifásítì, mo sì ti dé ìpele tí mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwádìí tèmi. Ọ̀sà wa ni mo fẹ́ kọ ọ́ lé lórí, nítorí pé ìṣojú mi ni omi náà ṣe ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí gan-an. Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo dúró níbi tí gọ́tà kan ti já sínú ọ̀sà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn, síbẹ̀ omi ń ṣàn nínú gọ́tà náà. Omi ọ̀hún kò pọ̀, ó dúdú bí omi aró, ìfófòó ọṣẹ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta ni nímú. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ń ṣa nǹkan jẹ nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ibi tí obìnrin kan ti ń ṣan abọ́ ẹja kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá kan, omi pupa ló ń ya lọ bí odò, ó ru ọ̀rá, ike, ìgbẹ́ ewúrẹ́, àti epo ọkọ̀ tó ń dán lójú omi.

Ìbéèrè mi ni pé, èwo nínú méjèèjì ló ń ba ọ̀sà jẹ́ jù, ṣé omi ẹ̀gbin ilé tó ń ṣàn lójoojúmọ́ ni, àbí àgbàrá òjò? Báwo ni mo ṣe lè fi ẹ̀rí yà wọ́n sọ́tọ̀? Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè san ju àyẹ̀wò 40 lọ. Ohun tí mo ti pinnu ni pé kí n lo ìsinmi oṣù kẹjọ, kí n bu omi ní ibi 40 yí ọ̀sà ká láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí n ka iye kòkòrò E. coli, èyí tó máa ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹranko, tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi ibi tó burú jù hàn. Ṣé ètò yìí lè dáhùn ìbéèrè mi?

Ọ̀rọ̀ kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ìgbọ̀nsẹ̀ ènìyàn wà nínú ọ̀sà, ta ni yóò tún ra ẹja lọ́wọ́ ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? N kò fẹ́ fi iṣẹ́ mi gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, n kò sì fẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníṣẹ́-Àyẹ̀wò, Kútọnu

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìrònú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka kòkòrò àìfojúrí nínú omi ní yàrá àyẹ̀wò, nítorí náà n óò sọ ọ́ fún ọ láìfi bò: ètò oṣù kẹjọ yẹn kò lè dáhùn ìbéèrè rẹ. Àwòrán ilẹ̀ tí o bá yà yóò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré nínú ọdún ni yóò lè jẹ́rìí sí. Ìgbà tí o bá bu omi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí ju iye ibi tí o ti bù ú lọ.

Ìwọ fúnra rẹ ti fi ojú ara rẹ rí ìdáhùn ní oṣù kejì. Bí òjò kò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí omi ṣì ń ṣàn nínú gọ́tà, ilé àwọn ènìyàn ni ó ṣeé ṣe jù kí omi náà ti wá: omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, àti èyí tó ń jò láti inú kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti kún. Omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o fi mọ ìwọ̀n ẹ̀gbin ilé. Lẹ́yìn náà, ẹnu gọ́tà kan náà ni kí o padà sí nígbà òjò àkọ́rọ̀, nítorí pé ohun gbogbo tó ti kó jọ sórí títì àti sínú ọjà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òjò yẹn yóò gbá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni omi máa ń dọ̀tí jù. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òjò dá kí ó tó jáde ti pàdánù ohun tó ń wá. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dúró sínú òjò pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Bù ú nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, kí o sì tún bù ú ní ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé ni pé iye kòkòrò nínú ìgò kan kò sọ iye tó ń wọ inú ọ̀sà. O gbọ́dọ̀ mọ bí omi ṣe ń ṣàn tó. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Wá ibi tí gọ́tà ti tọ́, kí o wọn mítà 10, kí o ju ọsàn kan sínú omi, kí o sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi dé òpin. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 25, omi ojú ń rin mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó ti ojú, nítorí náà sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85, yóò sì di 0.34. Bí gọ́tà bá fẹ̀ ní mítà 1 tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 0.2, lítà 68 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọsàn dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń rì tán díẹ̀ kù, afẹ́fẹ́ kì í sì lè tì í kiri bí ó ṣe ń ti ike òfìfo.

Wàyí o, wo àpẹẹrẹ yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e kalẹ̀ kí o lè rí ọ̀nà ìṣirò náà. Ká ní omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ lítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí E. coli inú rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 4 nínú mílílítà 100. Ká ní ti ọjọ́ òjò jẹ́ lítà 68, tí E. coli inú rẹ̀ jẹ́ 200,000 péré, nítorí pé omi òjò ti là á. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mílíọ̀nù 80 ni ti ẹ̀ẹ̀rùn, mílíọ̀nù 136 sì ni ti òjò. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò ní òjò ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àgbàrá náà ṣàn fún wákàtí méjì, omi ẹ̀gbin ilé sì ṣàn fún wákàtí 24. Bí o bá ṣe ìṣirò ọjọ́ kan pé, ti ẹ̀ẹ̀rùn fi díẹ̀ ju ìlọ́po méje ti òjò lọ. Omi tín-ínrín dúdú yẹn, tí ojú ń kẹ́gàn, lè ṣe ju àgbàrá tó ń hó ya-ya lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí ní Àjàṣẹ́, ìwádìí tìrẹ ni yóò sọ.

Ní ti ìgò, se é nínú ìkòkò tó ń sé ooru mọ́ inú (autoclave) títí ooru yóò fi dé 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Kó o sínú àpótí yìnyín, kí ó sì dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Omi gọ́tà kò ṣeé yẹ̀ wò bí ó ṣe wà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lílà ní ìlọ́po 1,000 tàbí 10,000, títí ohun tó bá hù lórí bébà àsẹ́ fi máa wà láàárín nǹkan bí 20 sí 80. Bí mo bá la omi ní ìlọ́po 1,000, tí mo sẹ́ mílílítà 1 nínú rẹ̀, tí mo sì ka 42 ní ọjọ́ kejì, ó túmọ̀ sí mílíọ̀nù 4.2 nínú mílílítà 100. Láti fi wé e, ìlànà omi ìwẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ní ọdún 2006 kò gbà ju 500 lọ fún omi etíkun tí wọ́n lè pè ní omi tó dára.

Má ka E. coli nìkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun máa ń gba ẹnu odò Kútọnu wọlé, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ yín, E. coli kì í pẹ́ kú nínú omi iyọ̀ àti nínú oòrùn. Enterococcus, kòkòrò inú ìfun mìíràn, lágbára jù ú lọ, nítorí náà ka òun náà. Bí owó bá tó, yan ìgò mẹ́rin fún àyẹ̀wò HF183, èyí tó ń wá àmì kòkòrò tó ń gbé inú ìfun ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún ọ pé pẹ́pẹ́yẹ àti ewúrẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. O lè rí i kà pé wọ́n máa ń fi òwú gbé inú gọ́tà, kí wọ́n sì fi iná aláwọ̀ àlùkò wá ohun ìfúnfun inú ọṣẹ lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀nà yẹn wúlò níbi tí omi ìfọṣọ àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń gba inú ọ̀pá kan náà. Lọ́dọ̀ wa, ojú títì ni a ń da omi ìfọṣọ sí tààrà, yóò tàn ọ́ jẹ.

Ọmọ Ṣábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ dáadáa, mo kí yín, ẹ kú àlàyé. Ohun kan wà tí ẹni tó bá dàgbà sí ọ̀dọ̀ wa lókè máa ń rí, tí àwọn ará etí ọ̀sà kì í sábà kà sí. Omi tó wà níwájú yín ní oṣù kẹwàá kì í ṣe omi Àjàṣẹ́ rárá. Omi wa ni.

Ní Àjàṣẹ́, oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni yóò dẹwọ́ ní oṣù kẹjọ kí ó tó tún padà. Ní ìhà àríwá, òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọdún ní, oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Omi òjò yẹn ni odò Ouémé ń gbà, òun pẹ̀lú odò Ọ̀pàrà tó ń bá a pàdé, tí ó sì ń kó o wá sí ìsàlẹ̀, tí àwọn ará Aguégués, àwọn abúlé inú omi ní ìsàlẹ̀ odò náà, fi máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti ilé dé ilé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Omi náà ru ẹrẹ̀, ó ru ohun tí wọ́n fi jí ilẹ̀ oko òwú, ó sì ń ti omi iyọ̀ jáde títí ọ̀sà yóò fi dùn bí omi kànga. Bí o bá bu omi nígbà yẹn, iye kòkòrò lè wálẹ̀ gan-an, tí o ó sì rò pé ọ̀sà ti mọ́, nígbà tó jẹ́ pé àlejò ló la omi yín.

Nítorí náà, kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ ti ya ìdọ̀tí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọ, o kò sì san kọ́bọ̀ fún un: oṣù kìíní sí ìkejì ni ti ilé, òjò àkọ́rọ̀ títí dé oṣù kẹfà ni ti ojú títì àti ọjà, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni ti odò. Oṣù kẹjọ tí o yàn bọ́ sáàárín. Wọn iyọ̀ omi ní gbogbo ìgbà tí o bá jáde, ẹ̀rọ kékeré ni, òun ni yóò sì sọ omi ta ni o ń bù fún ọ.

Má sì gbàgbé pé omi yín kò dúró lọ́dọ̀ yín. Láti ọ̀nà omi Totchè ni ó ti bá adágún Nokoué mu, láti ìhà ìlà-oòrùn ó ń lọ bá ti Badagry títí dé Èkó. Láti ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2000 ni ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ àfonífojì Ouémé ti wà pa pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àdéhùn Ramsar gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Ó yẹ kí èyí wà ní ojú ewé kìíní ìwé rẹ.

Olùkọ́, Kétu

Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ibì kan wà tí mo ti yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́-àyẹ̀wò. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹ̀gbin ilé ló ń gba ẹnu gọ́tà. Ní etí ọ̀sà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, ṣáláńgá tí wọ́n bá sì gbẹ́ síbẹ̀ lè kan omi kí ó tó jìn dé èjìká ènìyàn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ lọ sínú ọ̀sà láìsí ẹni tó rí i. Yanrìn àti amọ̀ lè sẹ́ kòkòrò mọ́ ara wọn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kì í sẹ́ nítíréètì, ohun tí ìtọ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń dà nínú ilẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń ka E. coli nìkan lè sọ pé ilẹ̀ mọ́ nígbà tí kò mọ́. Kí àbúrò wa yẹ kànga mélòó kan wò ní etí ọ̀sà fún nítíréètì, kí ó sì wọn bí kànga kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù. Mítà 30 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń ní kí ó wà láàárín wọn. Ẹ mọ bí ilé ṣe fún pọ̀ tó ní Àjàṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ yíya orísun sọ́tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kāneʻohe, ìyawọlé omi òkun kan ní erékùṣù Oʻahu ní Hawaii. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń da omi ẹ̀gbin ìlú sínú rẹ̀, títí di ọdún 1977 àti 1978 tí wọ́n darí rẹ̀ lọ sínú òkun jíjìn. Àwọn olùwádìí ti ń wọn omi náà kí wọ́n tó darí rẹ̀, wọ́n sì ń bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀. Láìpẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ kedere, àwọn ewé wíwẹ́ tó ń léfòó nínú rẹ̀ sì dín kù. Síbẹ̀, títí di òní, bí òjò ńlá bá rọ̀ tí àgbàrá sì wọ inú rẹ̀, àwọn ewé náà máa ń hù yọ lójijì. Bí wọn kò bá ti ní ìwọ̀n ti àtijọ́ lọ́wọ́, wọn kì bá lè mọ ohun tí dídarí ẹ̀gbin ṣe àti ohun tó kù fún òjò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún gọ́tà Àjàṣẹ́ ṣe, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni yóò jẹ́ ìwọ̀n ti àtijọ́.

Oníṣẹ́-Àyẹ̀wò, Kútọnu

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ẹ jàre mi lórí ọ̀rọ̀ kànga, n kò ronú dé ibẹ̀. Kí ó yẹ kànga mẹ́fà wò.

Agbẹ̀bí

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹja ìyá rẹ ni mo fẹ́ dáhùn. Kòkòrò tí o ń kà yìí kì í ye iná. Ẹja tí a yan jinná, tí a sì sè kí a tó jẹ ẹ́, kò ní gbé e dé ikùn ẹni. Ibi tí ewu wà ni ohun tí o rí tí o sì kọ sókè yẹn: abọ́ tí wọ́n ń ṣan nínú ọ̀sà. Ẹja yóò jinná dáadáa, wọn yóò sì tún kó o sínú abọ́ tí omi ọ̀sà ṣì ń kán lára rẹ̀. Ọ̀bẹ àti aṣọ ìnuwọ́ bákan náà. Mo ti tọ́jú àwọn ọmọ tó ń yà gbuuru láti agbo ilé tí gbogbo oúnjẹ wọn jinná.

Kí o tó bu ìgò kìíní, lọ jókòó ti àwọn ìyá náà, kí o sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún wọn, kí o sì jẹ́ kí àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ àbájáde kí ó tó dé ibòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ọjà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ọ̀tá ni wọn yóò pè ọ́. Nínú ìwé rẹ, nọ́ńbà ni kí o fún gọ́tà àti kànga, má dárúkọ agbo ilé ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà, wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà gígùn, má sì sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti bá olùdarí iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀, ó sì gbà kí n sún ọjọ́ síwájú títí di oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Mo ti pa ètò ibi 40 tì. Ẹnu gọ́tà mẹ́ta péré ni n óò máa padà sí, ọ̀kan nínú wọn sì ni ibi tí àfonífojì Zounvi ti já sínú ọ̀sà. Ìgò 8 fún oṣù kẹwàá, 12 fún oṣù kejì, 12 fún òjò àkọ́rọ̀, 6 fún kànga. 2 tó kù ni n óò fi omi mímọ́ sí, kí n gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀, láti mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló ń kó ìdọ̀tí bá àyẹ̀wò.

Mo lọ bá àwọn ìyá ní etí omi lánàá. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àgbà kan láàárín wọn ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní tipẹ́ ni àwọn ti mọ̀, nítorí pé àwọn apẹja ti sọ fún àwọn pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja máa ń wá sí òkè omi nítòsí ẹnu gọ́tà, tí wọ́n á máa yanu bí ẹni pé èémí kò tó wọn. Ó ní kí n wá ní àárọ̀ kùtùkùtù kí n wá wò ó. Ṣé èyí ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ mi, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Oníṣẹ́-Àyẹ̀wò, Kútọnu

Má fi í sílẹ̀ o. Ìyá yẹn ti sọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọn èémí (ọ́síjìn) inú omi ì bá sọ. Ẹ̀gbin tó ń jẹrà nínú omi ń gba èémí inú rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ewé inú omi máa ń dá díẹ̀ padà bí oòrùn bá ràn, ṣùgbọ́n lóru, àwọn náà ń mí, wọn kò sì ní ohun tí wọn yóò dá padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èémí omi máa ń kéré jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ẹ̀rọ dé ní agogo méjìlá ọ̀sán yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀sà ń mí dáadáa. Yá ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ ẹ̀ka yín, kò ní jẹ ọ́ ní ìgò kankan, kí o wọn omi ní agogo márùn-ún ìdájí àti ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, lọ́jọ́ kan náà, ní ibi tí àwọn apẹja bá fi hàn ọ́. Kọ bí ewéko ojú omi ṣe bo ibẹ̀ tó sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ibi tí ó bá ti bo omi pa, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé.

Bí o bá ń bu omi, rì ìgò náà sísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀ kí o tó ṣí i, kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, má sì jẹ́ kí ó kún dé ẹnu, kí a lè rí àyè mì ín nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa.